Ẹ̀wà Inú Àwòrán

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án!"

Orí àga ni ọmọ ọmọ mi dúró sí nígbà tó pariwo bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú lórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sódò, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Àwo ẹ̀wà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wà pupa ńlá ni, irú èyí tó tẹ̀ kọrọdọ bíi kíndìnrín ẹran. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sórí ẹ̀wà náà, gbogbo rẹ̀ sì ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Èmi dúró ti sítóòfù, mo di ìdérí ìkòkò mú, mò ń retí ìgbà tí wọ́n máa dá oúnjẹ mi padà fún mi.

"Ọmọ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ẹ̀wà yìí tíì lò lórí iná," mo ní. "Kò tíì jinná rárá."

"Mo mọ̀, Ìyá àgbà. Tó bá ti jinná, èèpo rẹ̀ á bẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. Kò ní dùn ún wò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n yà á báyìí, kí ẹ wá dá a padà sórí iná."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ta aṣọ funfun kan síbẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà mú jù. Awò là ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí pé dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò.

"Ìyá àgbà, ẹ rọra máa mí o," Awò ní. "Èémí yín ń lé ooru oúnjẹ lọ."

"Ṣé kí n kúkú kú, kí fọ́tò lè dáa?"

A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo máa ń rántí ẹ̀rín yẹn, torí pé ó pẹ́ kí a tó tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná wa.

Nígbà tí wọ́n yà á tán, mo da ẹ̀wà náà padà sínú ìkòkò, mo ṣí iná sókè, mo fi í sílẹ̀ fún odindi wákàtí kan sí i. Èèpo rẹ̀ bẹ́ lóòótọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó dà bí amọ̀ tí òjò ti pa. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ bí ẹyin, a fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, a tún lá ọwọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀wà tí a jẹ yàtọ̀ sí ẹ̀wà tó wà nínú àwòrán.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dáná ní ilé ìwòsàn kan. Igba àwo láàárọ̀, igba lọ́sàn-án, igba nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ga ju ara rẹ̀ lọ. Ọjọ́kọ́jọ́ tí a bá se ẹ̀wà pupa, á bu ẹyọ kan láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, á fi àtàǹpàkò àti ìka kejì tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ̀wà náà bá ta kò ó díẹ̀ báyìí, á ní, "Ẹ dá a padà! Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn aláìsàn wa tún ṣàìsàn mìíràn ni?" Òun ló sọ fún mi pé oró wà nínú ẹ̀wà yìí tí kò bá tíì jinná, pé iná tó le gan-an ló ń pa oró náà. A máa rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a máa da omi náà nù, a máa fi omi tuntun sè é kó hó gidigidi. Gbogbo èyí ni mo kọ́ ọmọ ọmọ mi láti ìgbà tí orí rẹ̀ ò tíì ga ju tábìlì lọ.

Ṣíbí ni ìnagijẹ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń rákò ni kì í ti í fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ń gbé e sùn. Ìyá rẹ̀, ọmọ mi, ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ mi nínú ilé ìdáná ni Ṣíbí dàgbà sí. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣí búlọ́ọ̀gì oúnjẹ kan lórí ayélujára. Ohun tí mo bá sè ló ń kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí òun náà bá gbìyànjú rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tó jó ìrẹsì tí a fi òkúta ha ìdí ìkòkò. Ó kọ ọjọ́ tó fi ṣúgà sí ọbẹ̀ ẹja, tó rò pé iyọ̀ ni, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ ẹ́ tán láìsọ̀rọ̀, torí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti jà. Èèyàn méjìlá ló ń kà á nígbà náà. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni mẹ́sàn-án nínú wọn.

Awò ló dé tó ní àwọn máa tún un ṣe.

"Ta ló fẹ́ ka ìtàn ìrẹsì tó jóná, Ṣíbí? Ó ń tini lójú. Nǹkan tó ń dán ni èèyàn ń dúró wò. Kó dán, kó sì yá. Ẹni tó bá rí 'wákàtí méjì' báyìí, ó ti kọjá lọ nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tó jẹ́ pé wákàtí méjì ló ń gbà."

"Ta ló bi ẹ́?"

Wọ́n pa gbogbo ìtàn àtijọ́ rẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa ara ẹran kó lè máa dán. Gbogbo oúnjẹ wá di oníṣẹ́jú mẹ́wàá, oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mi ò purọ́, àwọn òǹkàwé pọ̀ sí i. Wọ́n di igba, wọ́n di ẹgbẹ̀rún. Àwọn olùkọ́ ń dá Ṣíbí dúró lójú ọ̀nà láti kí i.

Ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan kéde ìdíje fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ. Ẹni tó bá gbégbá orókè á lo gbogbo ìsinmi gígùn nínú ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, àwọn àgbà alásè á kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n á sì máa tẹ ohun tó bá kọ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣíbí gé ìkéde náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju ti ìdíje náà lọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí gan-an ni àwọn adájọ́ fẹ́ máa ka búlọ́ọ̀gì àwọn ọmọ náà, títí di ọjọ́ Ẹtì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi gbọ́dọ̀ dán lọ́jọ́ Sátidé.

Ìwé mi kò pọ̀. Mo lè ka orúkọ mi, mo lè ka nọ́ńbà, mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí iyọ̀. Nígbà tí Ṣíbí gbé fóònù wá lọ́jọ́ náà, àwòrán ni mo rí. Mo ní, "Ó wuni o, ọmọ mi." Mi ò bi í pé kí ló kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò sì ní dì í ru ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, mò ń bó àlùbọ́sà, àwọn méjèèjì sì jókòó sí tábìlì, wọ́n ń wo bí iye òǹkàwé ṣe ń gòkè. Fóònù dún. Ṣíbí kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Ó tì í sí Awò. Awò kà á, ó fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n etí mi ò tíì di.

"Pa á rẹ́ kíá. Àwọn adájọ́ ń kà á lọ́wọ́!"

"Ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀?" mo bi wọ́n.

"Kò sí nǹkan, Ìyá àgbà," Ṣíbí ní. "Òǹkàwé kan ni. Kò mọ oúnjẹ sè ni."

"Dá a lóhùn o. Ó lè jẹ́ pé ó dúró ti iná báyìí."

"Màá dá a lóhùn tó bá yá."

Kò dá a lóhùn. Ohun tí òǹkàwé náà kọ, tí mo padà wá gbọ́, ni pé: "Ẹ̀wà tèmi ṣì ń le díẹ̀ nínú. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?" Tí Ṣíbí bá sọ fún un pé kó sè é sí i, gbogbo ayé á mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kọ kì í ṣe òótọ́, àwọn adájọ́ náà á sì mọ̀. Ó fi ìka kan pa ìbéèrè náà rẹ́. Mo wà níbẹ̀. Mò ń bó àlùbọ́sà.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ẹnì kan fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn wa. Káfíńtà tó ń gbé ní òdìkejì títì ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè kanlẹ̀kùn, torí pé ó gbé ọmọ rẹ̀ dání.

Ìyàwó ọkùnrin yìí kú ní èṣí. Kí ó tó kú, káfíńtà náà kò mọ̀ ju pákó àti ìṣó lọ. Omi tíì pàápàá, wọ́n ní ó máa ń jó o. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, ọmọ ọdún márùn-ún, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ológoṣẹ́ nítorí pé kì í dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ náà, Ológoṣẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn lórí apá bàbá rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ gbà mí! Ó ti bì, ó ti bì, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Ó ń yàgbẹ́ bí omi. Kò lè dìde!"

Mi ò ráyè wá bàtà. Takisí ló gbé wa dé ilé ìwòsàn, ibi tí mo ti dáná fún gbogbo ọdún yẹn. Nọ́ọ̀sì wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ náà, kò rí i. Ó wá a lẹ́sẹ̀. Ó ní omi ara rẹ̀ ti lọ púpọ̀. Ìgbà tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara ọmọ náà ló tó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Kí ló jẹ?"

"Ẹ̀wà. Ẹ̀wà pupa."

"Báwo lẹ ṣe sè é?"

Káfíńtà mú ìwé kan tó ká sí mẹ́rin jáde láti àpò ẹ̀wù rẹ̀. Pẹ́ńsù pupa tó fi ń sàmì sí pákó ló fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Ó kà á fún nọ́ọ̀sì bí ọmọ iléèwé:

"'Rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú. Da omi náà nù. Gbé e ka iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ó ti délẹ̀ nìyẹn: odindi, pupa, ó ń dán.' Mo lo aago, Nọ́ọ̀sì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Mo tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, mo wò ó. Bákan náà ni wọ́n rí."

Mo ti mọ àwo náà. Mo ti mọ oòrùn tó wà lórí rẹ̀.

"Ta ló kọ irú èyí?" nọ́ọ̀sì béèrè.

Ọkùnrin náà wò mí. Kò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo.

"Ṣíbí yín ni, Ìyá àgbà."

Dókítà wọlé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà, ó mi orí. Ó ní ká ní a tún dúró fún wákàtí díẹ̀ sí i nílé ni, kò sọ ìyókù. Ó jáde.

Àwa méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo bi káfíńtà náà pé kí ló dé tó fi ń wá oúnjẹ kiri orí fóònù nígbà tí èmi wà ní òdìkejì títì.

"Ó ń tì mí lójú, Ìyá àgbà. Ṣé ojoojúmọ́ ni màá máa kanlẹ̀kùn yín?" Ó ń na ìwé náà lórí itan rẹ̀, ó ń ká a, ó tún ń nà án. "Nígbà kan, ọmọ yẹn kọ ọ́ pé òun jó ìrẹsì. Èmi náà ti jó ìrẹsì láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kà á. Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí ìyá Ológoṣẹ́ ti lọ. Mo wá ní, ẹni tó lè sọ irú nǹkan báyìí nípa ara rẹ̀, kò ní tàn mí jẹ. Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá kọ ni mò ń sè."

"Ẹ̀wà yẹn kò le lẹ́nu yín?"

"Ó le. Ẹ̀kún ṣíbí méjì péré ni mo jẹ tí mo fi dúró. Mo kọ̀wé béèrè. N kò rí èsì. Mo padà lọ wò ó, ìbéèrè mi gan-an kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ní bóyá èmi ni mi ò mọ fóònù tẹ̀. Ológoṣẹ́ ti ń lu àwo. Ó ní ẹ̀wà náà rẹwà. Mo bu tirẹ̀ fún un."

Mo dìde, mo yẹ ọmọ náà wò, mo sì gba ọ̀nà ilé.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé ilé. Ìyá Ṣíbí ti jí láti ojú oorun ọ̀sán rẹ̀, ó ń bu omi mu. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ṣì wà nídìí tábìlì.

"Ṣíbí, ka ohun tí o kọ sábẹ́ àwòrán ẹ̀wà fún mi. Kà á sókè."

Ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà, ó wo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó dé ibi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ìgbà wo ni ẹ̀wà náà jinná?"

"Lẹ́yìn wákàtí kan sí i, mà."

"Níbo ni wákàtí náà wà nínú ohun tí o kọ?"

"Ìyá àgbà, kò sẹ́ni tó máa kà á tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé… tí wọ́n bá tọ́ ọ wò, wọ́n á rí i fúnra wọn pé kò tíì jinná."

"Ẹnì kan tọ́ ọ wò. Ó rí i. Ó bi ọ́ léèrè. Bàbá Ológoṣẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, wọ́n gún un lẹ́sẹ̀ torí pé wọn ò rí iṣan lọ́wọ́ rẹ̀."

Ṣíbí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ife bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Awò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó rọrùn. Ká yí i padà sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ má yí nǹkan kan padà!" ìyá Ṣíbí ké. "Pa gbogbo búlọ́ọ̀gì náà rẹ́! Mi ò fẹ́ rí i mọ́ nínú ilé yìí!"

"Àwọn tó ti kọ ọ́ sínú ìwé bíi ti káfíńtà ńkọ́?" mo béèrè. "Àwọn tí ẹ̀wà wọn wà nínú omi báyìí ńkọ́? Tí ẹ bá yí i padà tàbí tí ẹ bá pa á rẹ́, ta ló máa sọ fún wọn?"

Ṣíbí wo fóònù, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ níbi tí ìkéde ìdíje wà lára ògiri. Mo rí i tó ń wò ó. Ó ń wá ọ̀nà tí kò ní ná an ní nǹkan kan, bí gbogbo wa ṣe máa ń wá a.

"Mi ò ní yàn fún ọ," mo sọ fún un. "Ìka rẹ ló pa ìbéèrè náà rẹ́."

Ó jókòó. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Nígbà tó ṣe tán, ó kà á fún wa:

"Ẹ má ṣe se ẹ̀wà yìí bí mo ṣe kọ ọ́. Irọ́ ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀wà tí ẹ rí nínú àwòrán kò tíì jinná. A dá a padà sórí iná lẹ́yìn tí mo yà á tán. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi, mo pa ìbéèrè rẹ̀ rẹ́ nítorí ìdíje. Ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn báyìí. Tí ẹ bá ti sè é bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ má fún ẹnikẹ́ni jẹ. Omi tuntun ni kí ẹ fi sè é, lórí iná tó le, kó hó gidigidi, títí yóò fi fọ́ pátápátá lábẹ́ ìka yín."

"Ṣíbí," Awò ní, "àwọn adájọ́ máa rí i. O ti ba tìrẹ jẹ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Awò gbé báàgì rẹ̀, ó jáde láìkí mi.

Èébú kọ́kọ́ dé. Wọ́n pè é ní òpùrọ́, wọ́n pè é ní ẹni tó ń pa ọmọ kékeré. Ní iléèwé, orúkọ rẹ̀ di Ṣíbí Olóró, tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń jẹun, àwọn ọmọ á fi ọwọ́ bo àwo wọn, wọ́n á máa pariwo, "Ẹ yẹra! Ẹ yẹra!" Ní Ọjọ́rú, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ̀wé pé àwọn ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ìlà méjì péré ni lẹ́tà náà. Ó já ìkéde kúrò lára ògiri, ó kó o sínú ìwé kan, kò sọkún.

Ohun tó mú un sunkún ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tí obìnrin kan kọ sábẹ́ àtúnṣe náà. Ó ní òun ti bu ẹ̀wà náà sáwo fún bàbá òun tó ti di arúgbó, ṣíbí ti wà lọ́wọ́ bàbá, kí òun tó rí ìkìlọ̀ náà. Òun gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá bínú o, ó ní wọ́n fẹ́ febi pa òun. Ṣíbí kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, mo jẹ́ kó sun ún tán.

Ní ọjọ́ Ajé, kí lẹ́tà náà tó dé, ó ti lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi ló mú un lọ. Ó dúró níwájú káfíńtà, ó dorí kodò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá Ológoṣẹ́."

Ọkùnrin náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń wo omi tó ń kán nínú rọ́bà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, èèyàn lè ṣì í kọ," ó ní. "Èmi náà máa ń ṣi pákó gé. Ṣùgbọ́n mo béèrè, o rí ìbéèrè mi, o sì fi ọwọ́ dí mi lẹ́nu."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mi ò lè sọ fún ọ pé ó ti tán nínú mi."

"Mo gbọ́, sà."

Ológoṣẹ́ la ojú. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá mi," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "kí ẹnikẹ́ni má fún mi ní ẹ̀wà mọ́ o."

Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀. Ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, tí Ṣíbí bá kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, "Ẹ̀n" ni ọkùnrin náà ń dáhùn, kò ní gbé ojú kúrò lórí ayùn rẹ̀. Ṣíbí kò ṣíwọ́ kíkí i.

Kò pa búlọ́ọ̀gì náà rẹ́. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Oúnjẹ tó bá ti délẹ̀ tán nìkan ló ń yà, bó ti wù kó ṣá tó. Ibi tó bá ti ṣe àṣìṣe, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè nǹkan, á gbé àwo tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó jẹun, á dáhùn. Ohunkóhun tó bá kọ, ó ní kí n máa gbọ́ ọ kó tó gbé e jáde. Báyìí, kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tí etí mi kò gbọ́. Awò padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yẹ fóònù Ṣíbí wò.

"Ọbẹ̀ yìí burẹ́wà o."

"Ó dùn ni," Ṣíbí ní. "Wọlé, wá jẹun."

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo rí káfíńtà tó ń sọdá títì. Ìkòkò gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àkísà dì í mú, Ológoṣẹ́ sì rọ̀ mọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò náà ka tábìlì. Kò wo èmi. Ṣíbí ló wò.

"Adìyẹ ni. Wò ó fún mi. Ṣé ó ti jinná?"

"Ebi ń pa mí o!" Ológoṣẹ́ ní. "Bàbá mi ti sè é láti àárọ̀!"

Ṣíbí mú ọ̀bẹ, ó gé itan adìyẹ náà títí dé egungun, ó sì ṣí i sí ojú ìmọ́lẹ̀. Mo rí ojú ọkùnrin náà. Ó ti ṣiṣẹ́, ó ti làágùn, ó fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún un pé ó dáa. Ṣíbí náà rí ojú yẹn. Ọ̀rọ̀ tó lè mú kí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí i kò ju ẹyọ kan lọ.

"Kò tíì jinná, sà," ó ní. "Ẹ wò ó níbí. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá egungun. Ó máa gbà tó ogún ìṣẹ́jú sí i."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo egungun náà dáadáa, bó ṣe máa ń wo ibi tí pákó ti sán.

"Ó dáa," ó ní. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. "Gbé e kaná níbí. A máa dúró."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ nǹkan fún àwọn èèyàn tí ẹ ò rí, ẹ gbọ́ mi. Àwòrán tó ń dán lè dá ẹni tó ń kọjá lọ dúró. Ọ̀rọ̀ kúkúrú lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín dé ìdí iná rẹ̀ ti fi ikùn ọmọ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Òótọ́ ni kí ẹ sọ fún un, bó bá tilẹ̀ gùn, bó bá tilẹ̀ burẹ́wà, bó bá tilẹ̀ máa gba ohun tí ọkàn yín fẹ́ lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ tètè jáde sọ ọ́ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Tí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè ìbéèrè, ẹ dá a lóhùn kó tó bu oúnjẹ fún ọmọ.